Òṣùká Tó Lójú Tó Lẹ́nu

Ẹ má bi mí bí ejò ṣe dé yàrá mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé ní Tech, yunifásítì Kumasi ní Gana, ló rìnrìn àjò, tó ní kí n bá òun tọ́jú òjòlá òun díẹ̀. Irú òjòlá kékeré tí òyìnbó ń pè ní ball python ni. Kò ní oró, ojo sì ni: bí ẹ bá wúkọ́ lásán, á ká jọ rìbìtì, á ki orí bọ àárín. Inú ọpọ́n oníke tó ní ìdérí ló ń gbé, ìwé ìròyìn ni wọ́n tẹ́ fún un. Èmi ni mo ní ẹlẹ́mìí kì í sùn lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Mo fẹ́ bá a wá ibùsùn gidi.

Mo yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní èérún igi aspen ni kí n rà. Igi ilẹ̀ òtútù ni aspen. Ẹni tó bá rí i nínú igbó Aṣánti kó pè mí. Mo bá wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Sokoban, níbi tí àwọn onípákó Kumasi wà, mo ní igi náà ni igi ń jẹ́.

Ọmọkùnrin tó ń kó iyẹ̀ pákó bi mí pé, "Adìẹ mélòó lẹ ní?" Ta ló máa sọ pé ejò ni? Mo ní igba. Ó ní ti ẹyin ni àbí ti ẹran. Mo ní méjèèjì. Ó gba nọ́ńbà mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ adìẹ kò sì tíì yé pè mí títí di òní.

Mo ra iyẹ̀ náà, mo tẹ́ ẹ fún ejò. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òkìtì kan náà ni gbogbo iyẹ̀ pákó ń dà sí: ti wáwà, tó jẹ́ arère tiwa, ti tíìkì, ti ọdúm, tó jẹ́ ìrókò. Iyẹ̀ ìrókò ń fún káfíńtà tó ń là á pàápàá láyà, áńbọ̀sìbọ́sí ejò tó ń fi àyà wọ́ nínú rẹ̀, tó ń mí in símú tọ̀sán tòru. Ihò wẹ́wẹ́ wà létè òjòlá, òun ló fi ń mọ ibi tí ẹran tó gbóná wà lókùnkùn. Eruku dí gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ tí àlejò mi fi ń mí fíín-fíín, tí itọ́ ń hó nímú rẹ̀. Mo ní mo gbé, kí n tètè kó o kúrò.

Alẹ́ tí mo fẹ́ kó o ni dumsor mú iná lọ. Mo ti dojú ìkòkò kan dé sínú ọpọ́n náà kí ejò máa rí ibi sá sí, ọkàn mi sì balẹ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ló wà. Mo rọra gbé ìkòkò náà jáde pẹ̀lú iyẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo da ìyókù sínú àpò, mo gbé àpò fún Màámé onílé, ẹni tó ní adìẹ lóòótọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n bí iyẹ̀ bá ti jìn, inú rẹ̀ ni òjòlá ń rì sí, kì í ṣe abẹ́ ìkòkò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámé da àpò náà sílẹ̀. Ohun kan yí jáde, ó ká rìbìtì, ó ní àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú bí òṣùká tí wọ́n fi àǹkárá àtijọ́ wé. Màámé sì ń wá òṣùká: bàsíà omi wà nílẹ̀. Ó gbé e. Ó ti gbé e dé iwájú orí kí òṣùká tó mira.

Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi tọ́wẹ́ẹ̀lì sáré dé, ẹni kan ti mú ọmọ odó fùfú, ẹnìkan mú àdá. Mo kígbe pé, "Ẹ má pa á! Èmi ni mo ni ín!" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ní Ouidah, ní Benin, ilé òòṣà òjòlá wà láàárín ìlú, pé bó bá wọlé ẹni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e padà. Tọ́wẹ́ẹ̀lì ń já sílẹ̀, mo ń fọwọ́ kan gbá a mú, mo ń fi èkejì júwe Ouidah.

Ayálégbé kan ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ, ejò tó ń bi owó ni." Òmíràn ní ti Nàìjíríà kì í bì, mímì ló ń mì, ó rántí òṣìṣẹ́ JAMB tó sọ ní Makurdi ní 2018 pé ejò gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Màámé nu ojú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Aláta," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "ejò ń bi owó fún ọ, o sì jẹ mí lówó ilé?"

Kí n sọ òótọ́, ìtìjú kọ́ ló dùn mí jù. Ilẹ̀ wa ni ejò yìí ti wá: Gana, Togo àti Benin ni wọ́n ti ń kó o lọ tà fún gbogbo ayé. Inú ihò eku àti ògán ló ń gbé níbí, nínú ilẹ̀ tútù. Ẹni tó ń gbé níbi òjò dídì ló wá ń kọ́ mi ní ohun tí ejò ẹ̀yìnkùlé mi ń sùn lé, tó ní kí n ra bíríkì èèpo àgbọn láti Íńdíà, nígbà tí èèpo àgbọn dí gọ́tà Kumasi pa!

Èèpo yẹn gan-an ni mo padà lò. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ lù ú títí okùn rẹ̀ á fi tú, ẹ da omi híhó lé e kí èèrà kú, ẹ sá a. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ẹ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fún un lọ́wọ́: bó bá ń kán tótó, ó ti pọ̀ jù, bó bá tú ká lójú ẹsẹ̀, ó gbẹ jù. Ọ̀rinrin bí ìdá 60 nínú 100 ló ń fẹ́, àgàgà nígbà ọyẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ rẹ̀ kò ní bọ́ tán, á lẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Ó ń sùn dáadáa báyìí, kò mí fíín-fíín mọ́. Wàhálà kan ló kù. Ọ̀fẹ́ ni alágbọn ìta wa ń fún mi ní èèpo tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé ejò mi ń bi owó, ó ti ń díye lé e.