Ìyà Tòmátì, Àpò Mi

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ onítòmátì o! Ọbẹ̀ lásán ni mo fẹ́ jẹ. Àmọ́ tí mo bá dé ọjà Mile 12 l'Ékòó, tí ìyá yẹn bá dá iye lé e, ṣe ló máa ń dà bíi pé àna mi tún padà wá béèrè owó orí. Tí n bá ní kí ló dé, èsì kan náà ni: "Dádì, ọ̀nà ò dáa."

Láti Kánò, níbi tí tòmátì ti ń wá, dé Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń rún tòmátì mọ́, apẹ̀rẹ̀ á gun apẹ̀rẹ̀, oòrùn á máa pa á, èèyàn á tún jókòó lé e lórí (ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n sanwó ọkọ̀ tiwọn). Kí ti ìsàlẹ̀ tó rí Ọ̀jọ́ta, ó ti lọ ara rẹ̀ kúnná. Èyí tó kù díẹ̀ kó jẹrà ni wọ́n ń tà ní ẹ̀ṣà. Èyí tó jẹrà pátápátá ńkọ́? Owó rẹ̀ ti wà lórí èyí tó yè. Èmi ni mò ń san owó ìsìnkú ẹ̀.

Mo ní kí wọ́n máa lo kíréètì oníke. Ìyá fi mí rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa gbé òfìfo ẹ̀ padà sí Kánò, Dádì? Ẹ̀yin?" Ẹnu mi wọhò. Apẹ̀rẹ̀ ò wọ́n, kò sẹ́ni tó ń retí ẹ̀ nílé. Kíréètì á gbàyè lálọ, á gbowó lábọ̀, bó bá sì ṣe kòńgẹ́ ẹni tó ń wá àga, ó parí.

Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ló wá dá kún ìbínú mi. Ó ní níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ju tọ́ọ̀nù 7.5 lọ kò gbọdọ̀ rìn lọ́jọ́ Sunday títí di aago mẹ́wàá alẹ́, àfi tó bá ru wàrà, ẹja tútù tàbí èso tó ń tètè bàjẹ́. Òfin dá tòmátì mọ̀! Awakọ̀ tó bá sì fi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ wakọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Awakọ̀ tiwa náà kúkú ń sinmi: ó ń sinmi níwájú ọlọ́pàá, ó ń sinmi níwájú onítíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ń sinmi gan-an tí táyà bá bẹ́. Ní Switzerland, tí òfin ò jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù rìn lóru, Coop, tó ń ta oúnjẹ, ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Rélùwéè ti dé Kánò láti 1912 o! Ẹ̀pà gùn ún dé Èkó bí ọlọ́lá.

Kì í tún ṣe ọ̀nà nìkan: ní 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, àwọn oníṣòwò òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró, ọjà gbówó lórí. Èmi tí n kò tẹ Ṣáṣá rí, mo sanwó ìjà.

Ìyàwó mi ní kí n yé pariwo, kí n ra alágolo. Tòmátì tí wọ́n gbé láti Ṣáínà, tó la òkun já, tí wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ dì sínú agolo, lásìkò òjò ó tún máa ń rọjú ju ti Kánò lọ. Ṣé kò sí onítíkẹ́ẹ̀tì lórí òkun ni?