Ẹ Wá Gba Fèrè Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Èmi ni mo ń ṣètò bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé fún àwa ọ̀rẹ́ ládùúgbò wa l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn mí, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi, síbẹ̀ "Alága" ni wọ́n ń pè mí. Ilé mi ni bọ́ọ̀lù ń sùn; ẹ̀ṣẹ̀ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la jọ fàdéhùn sí. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń bèèrè lórí WhatsApp pé ta ló ń bọ̀. Gbogbo wọn á fi àtàǹpàkò ránṣẹ́. Tó bá wá di àárọ̀ Sátidé, èmi àti ewúrẹ́ la jọ máa ń wo ara wa ní pápá ilé-ìwé. Àtàǹpàkò kì í gbá bọ́ọ̀lù!

Mo bá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà wa ní, "Alága, mo ti wà lójú ọ̀nà," mo sì ń gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń bi í lórí bẹ́ẹ̀dì pé ta ló ń pè láàárọ̀ kùtù. Òmíràn ní aṣọ ẹbí òun ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìjọba Èkó fòpin sí ìséde ìmọ́tótó ìparí oṣù ní 2016, ó ṣì ń sọ fún mi pé wọn ò ní jẹ́ kóun kọjá.

Òfin kẹta nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ní wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ kan ò bá pé èèyàn méje. Ká ní à ń tẹ̀ lé e ni, a ò bá má tíì gbá bọ́ọ̀lù rí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ máńkí póòsù là ń gbá: èèyàn márùn-ún márùn-ún, òkúta méjì méjì, sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹ ní góòlù méjì á jáde. Ẹni tó dé láago mẹ́jọ ló ń lọgun jù pé sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lòun wà.

Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ Ràṣídì Yẹkínì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Peter Rufai kó lọ ṣọ́lé, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wà lórí pápá lọ́jọ́ tí Nàìjíríà na Bulgaria ní 3-0 ní Ife Àgbáyé 1994. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó níkùn ṣèèṣì jẹ góòlù. Ló bá ń sáré wá àwọ̀n tó máa dì mú bíi ti Yẹkínì lọ́jọ́ Bulgaria yẹn. Òkúta ló bá. Ó gbé òkúta mọ́ àyà, ó ń ké. Nígbà tó máa gbé e sílẹ̀, ibòmíràn ló gbé e sí. Ìjà dé. Àwọn tó ń wo Àsẹ́nà àti Chelsea ní kí èmi tí fèrè wà lọ́wọ́ mi lọ wo VAR. Ẹ gbọ́ ná, àwa tá à ń fi òkúta ṣe póòsù!

Ká má tíì sọ towó. Bọ́ọ̀lù bẹ́, èmi ni. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì fẹ́ jẹun, èmi ni. Omi inú ọ̀rá, èmi náà ni. Ẹni tí kò dáwó rí ló ń bèèrè àkọsílẹ̀ ìnáwó. Orúnkún ro wọ́n, wọ́n ní Alága dà, kó mú Àbóníkì wá. Lọ́jọ́ tí òjò ò jẹ́ ká gbá rárá, ìyàwó ẹnìkan pè mí nírọ̀lẹ́: "Alága, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bọ́ọ̀lù ọ̀hún ò tíì parí ni?" Kí ni kí n wí?

Ó sú mi. Mo pe ìpàdé pé mo fẹ́ fipò sílẹ̀, kí wọ́n wá gba fèrè àti bọ́ọ̀lù. Èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pè: kí n má bínú, ká sún un sí Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ bá àwọn ṣètò rẹ̀.