Ọ̀gá Ó-Ku-Fáàfù-Kan

Àwọn kan wà lọ́jà Búkúrù tó ń pe ara wọn ní atúnrédíò-ṣe. Irọ́ ni. Rédíò ni wọ́n ń kó jọ. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan nínú wọn: Philips gun Grundig lórí, Grundig gun Bush, àwọn onípákó ńláńlá tí àwọn bàbá wa fi owó kùsà rà nígbà tí iléeṣẹ́ kùsà ATMN ṣì ń wú ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì. Ta ló ni wọ́n? Àwọn tí ẹsẹ̀ ti ń ro, tí wọn ò wá béèrè mọ́.

Ọ̀gá kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́nu: "Ó ku fáàfù kan." Á wá pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pọfọ̀: "ECH81. Kọ̀nfátà ni. Kò sí mọ́!" Bí Hausa bá dé, "Sai gobe." Bí Yorùbá bá dé, "Ẹ padà wá lọ́la."

N kò ní fáàfù náà kò níṣẹ́. Apá kan rẹ̀ ń dá ìgbì tirẹ̀, apá kejì ń po ìyẹn mọ́ èyí tí wáyà òrùlé gbé wọlé, kí iléeṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yí sí lè bọ́ sórí ìgbì kan náà, bíi 455 kílóháàsì, tí àwọn fáàfù yòókù á wá ró lágbára. Bó bá kú, rédíò ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n kò ní gbé ibì kankan.

Rédíò tí mo gbé lọ, onítránsífọ́mà ni, kò tàn rárá. Nínú rédíò onítránsífọ́mà, fáàfù kọ̀ọ̀kan ló ń gba 6.3 fóòtì tirẹ̀. Ọ̀kan kì í kú kó pa yòókù. Nínú àwọn rédíò oní-UCH81, tí wọ́n to fáàfù wọn tẹ̀léra, niná gbogbo fáàfù ń kú tí ọ̀kan bá jó. Mo ṣàlàyé. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Alàgbà, ìwé lẹ kà." Bẹ́ẹ̀ wáyà ìdí púlọ́ọ̀gì já, mo ń wò ó níwájú rẹ̀, bàbà rẹ̀ yọ síta.

Olè ni, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Fáàfù tó yọ lára rédíò pásítọ̀ ló fi tún ti Alhaji ṣe, pásítọ̀ sì jókòó sílé, ó ń retí èyí tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ní kó dá ẹrù yín padà bó ṣe wà, á yọ ìwé jáde, á máa ṣírò owó ìpamọ́.