Ẹ Bá Mi Gba Efínrín Díẹ̀

Owó ni mo fẹ́ ṣọ́ ná tí mo fi di olóko. Ẹni tó bá ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún ìbejì tó ń jẹun bíi tèmi á mọ̀ pé ike táìmù kékeré kì í pẹ́ tán, owó rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Mo ní fàráńdà, mo ní ẹ̀yìnkùlé tó fẹ̀ tó ẹní mẹ́ta, mo ní kànga. Lọ́jọ́ kan, mo wo fídíò òyìnbó kan tó ń já ewé lójú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní èmi náà á rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Mo ra irúgbìn táìmù àti ti rosemary. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí pé oòrùn ni kí á fi wọ́n sí látàárọ̀ dalẹ́. N kò bi ara mi léèrè pé oòrùn ìlú wo. Etí Òkun Mẹditaréníà ni àwọn méjèèjì ti wá, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń gbẹ táútáú nígbà ooru, tó jẹ́ pé ìgbà òtútù ni òjò wọn máa ń rọ̀. Èmi wá gbìn wọ́n ní Ìbàdàn nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí aṣọ tí a sá lọ́jọ́ Ajé kì í gbẹ títí di Ọjọ́rú.

Ike ọ̀dà ni mo gbìn wọ́n sí. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo bu ilẹ̀dú kún un, ṣùgbọ́n n kò dá ihò kankan sí ìdí rẹ̀, kí omi má baà ba fàráńdà jẹ́. Táìmù hù, ó rí tínínrín. Òyìnbó inú fídíò ní kí á máa bomi rin ewé láràárọ̀, onígbọràn sì ni mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo gbé agboòrùn dání, mo ń fi ọwọ́ kejì bomi rin táìmù. Màmá onílé wa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wò mí títí.

"Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o, Mà. Ewé ni mò ń bomi rin."

"Ewé wo ló ń bá òjò jà?"

N kò rí èsì fọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìdí táìmù ti dúdú, ó ti rọ̀, òórùn irà sì ń jáde látinú ike. Gbòǹgbò náà máa ń mí, omi ló gba gbogbo àyè tí afẹ́fẹ́ ì bá wà. Rosemary ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ yọjú.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀. Èmi ní kí n bọ́ sórí ewé ilẹ̀ wa, ó ṣe tán, ta ni ewúro kì í hù fún? Ọ̀rẹ́ mi kan gé ọ̀pá ewúro fún mi, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìnkùlé. Wọn ò rú. Mo ní ebi ló ń pa wọ́n. Mo bá kọjá sí oko adìyẹ kan ládùúgbò, mo ru àpò ajílẹ̀ wálé, tútù yọ̀yọ̀ bí wọ́n ṣe gbá a lábẹ́ adìyẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo dà á sídìí ewúro. Òórùn rẹ̀ ṣáájú mi wọlé. Ìyàwó mi ti fèrèsé, àwọn ará òkè ti fèrèsé, eṣinṣin nìkan ló bá mi yọ̀.

Màmá onílé fi ìka di imú, wọ́n fa ọ̀pá kan yọ, wọ́n gbé e sún mọ́ mi lójú. "Ẹ wo ibí yìí." Àpá kan wà lára igi náà níbi tí ewé ti já, ojú kékeré kan tí ẹ̀ka máa ń gbà yọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí igi bá dúró bó ṣe yẹ, òkè àpá ni ojú yẹn máa ń wà. Ìsàlẹ̀ ni tèmi wà.

"Ẹ dorí ewúro kodò, ẹ tún wá da ìgbẹ́ lé e lórí. Kí ló ṣẹ̀ yín?"

Wọ́n ní ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, pé ńṣe là ń kó o jọ, tí à ń bò ó, tí à ń yí i fún oṣù mélòó kan kí a tó fi tọ́ nǹkan. Mo dúpẹ́. Mo tún lọ ra irúgbìn efínrín.

Irúgbìn efínrín ò ju hóró iyanrìn lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́ kó tó hù, orí ilẹ̀ la sì máa ń wọ́n ọn sí. Èmi fi ìka gbẹ́ ihò jíjìn bí ẹni ń gbin àgbàdo. Síbẹ̀, nǹkan hù. Mo fi igi tì í lẹ́yìn, mo lé àwọn ìbejì jìnnà sí i, mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí: "Efínrín mi rèé o!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fèsì láti Ṣakí pé, "Àbúrò, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún nìyẹn." N kò gbà. Mo jáde lọ já ewé rẹ̀ kan, kí n gbóòórùn rẹ̀ kí n fi dá wọn lóhùn. Ẹ̀gún tó wà ní oríkèé rẹ̀ ló dá èmi lóhùn.

Èyí tí mo wá wọ́n sórí ilẹ̀ bó ṣe yẹ, ìgbín jẹ ẹ́ lóru. Màmá onílé fi tọ́ọ̀ṣì ṣa àwọn ìgbín náà, wọ́n fi ata dín wọn, wọ́n sì fi àwo kan ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ ohun tó jẹ oko mi. Ó dùn.

Lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ìdí efínrín kan wà tí ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú wa gbìn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀. Kẹ́hìndé fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Dádì, òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ni!" Ọmọ náà ò purọ́. Ẹbí kan náà ni efínrín àti táìmù, ohun tí wọ́n ń pè ní thymol, tó ń mú táìmù ta sánsán, sì pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ efínrín ilẹ̀ wa. Mo ń pa àlejò ní fàráńdà, ọmọ onílé wà lẹ́yìn balùwẹ̀.

Mo wá fi efínrín yẹn ṣe ẹyin ojú. Mo ṣe ọgbà yí i ká. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já a. Àní bí ìyàwó mi bá fẹ́ se ọbẹ̀ ata, ọjà Bódìjà ni mò ń rán an lọ ra efínrín. Ó yọ òdòdó, ó so èso, ewé rẹ̀ kéré, igi rẹ̀ le gbagidi. Màmá onílé ò bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ̀bẹ dé. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí wálawàla. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ibi tí wọ́n gé ni ẹ̀ka tuntun ti yọ, méjì-méjì. Ewé tí à ń já ló ń pọ̀, òdòdó ni kí á máa tètè ká kúrò.

Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Efínrín wọ ọbẹ̀, ó wọ ẹ̀wà, ó wọ ẹyin díndín, ó wọ tíì, títí ìyàwó mi fi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, omi lásán ni mo fẹ́ mu." Ni mo bá ń dì í sí ọ̀rá, mo ń gbé e kọ́ ilẹ̀kùn àwọn ará ilé káàkiri. Láàárọ̀ àná, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ọ̀rá efínrín kan lẹ́nu ọ̀nà tèmi. Inú mi dùn pé ẹnì kan rántí mi, àfìgbà tí mo rí ìdì ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo dì í.