Ajá Sọnù ní Peckham, Ajá Rìn Jáde ní Mọ́níyà

Bí ajá kan bá pòórá láàárọ̀ ní Peckham, ní London, kó tó di ọ̀sán, àwòrán rẹ̀ á ti wà lára òpó iná, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, àti àlàyé pé ojú máa ń tì í lọ́dọ̀ àlejò. Bí irú rẹ̀ bá pòórá ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn, ohun tí wọ́n máa sọ kò ju pé Bíńgó rìn jáde. Ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan wà lọ́hùn-ún, tí ìkejì wà nílé, lè torí èyí fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù dọ̀gànjọ́. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ṣé ẹ ti lẹ ìwé? Ṣé ẹ ti lọ sí tọ́lọ́pàá?" Àbúrò á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Ọlọ́pàá wo ni mo fẹ́ bá sọ pé mò ń wá ajá, tí kò ní ní kí n kọ́kọ́ lọ ra bírò àti pépà wá?" Ẹ̀gbọ́n á gbà pé ará ilé kò láàánú ẹranko, àbúrò á gbà pé òtútù ti wọ ẹ̀gbọ́n òun lọ́pọlọ. Lójú tèmi, àánú ò sí nínú ìjà yìí rárá. Ta ló yẹ kó dá ajá yẹn mọ̀ ni wọ́n ń jà sí, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Ní England, ìjọba ló dá a mọ̀. Láti ọdún 2016 ni òfin ti ní kí gbogbo ajá ní microchip lábẹ́ awọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, ó kan ológbò náà, ẹni tó bá sì kọ̀ lè san owó ìtanràn tó tó £500. Nǹkan ọ̀hún kò ju hóró ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n òǹkà 15 ló tò sínú rẹ̀. Àbúrò tó ti fi odindi ọjọ́ tò nínú oòrùn nítorí NIN á ka tirẹ̀ wò, á bá 11 péré. Ọdún 2024 yẹn náà ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá jí ajá tàbí ológbò gbé lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Òfin ìrìnnà wọn ti ọdún 1988 ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Awakọ̀ tó bá kọ lu ajá gbọ́dọ̀ dúró, bí kò bá sì rí ẹni tó ni ín, kó fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹṣin wà nínú òfin náà, màlúù wà ńbẹ̀, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, títí kan ewúrẹ́. Ológbò ni kò sí ńbẹ̀. Àfi bíi pé àgbẹ̀ kan láti Ìsẹ́yìn ló bá wọn kọ ọ́.

Ohun kan wà tí ẹ̀gbọ́n kì í mẹ́nu bà: microchip kì í wá ajá. Kò mọ ibi tí ajá wà. Àfi kí ẹnì kan kọ́kọ́ rí i, kó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Bí olówó rẹ̀ bá sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tí kò sọ fáwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, òǹkà 15 yẹn dòfo. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì aláàánú ni gbogbo ètò náà gbára lé, bíi ti Mọ́níyà gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti Mọ́níyà kò nílò ẹ̀rọ. Ìyá alákàrà mọ Bíńgó, torí ẹ̀bá àdògán rẹ̀ ló máa ń jókòó sí láàárọ̀, tí á máa wo ọwọ́ oníbàárà. Fọkanáísà mọ̀ ọ́n, torí abẹ́ táyà rẹ̀ ló ń sùn sí bí oòrùn bá mú. Béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ajá ilé Bàbá Tíṣà? Ó tẹ̀ lé abo kan lọ sọ́nà gáréèjì ní àárọ̀ yìí." Adìẹ pàápàá ní àkísà pupa lápá, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ilé tí àkísà náà ti wá.

Ẹ̀gbọ́n lè fèsì pé àwọn kan nínú àdúgbò yẹn, inú ìkòkò ata ni wọ́n ti mọ ajá. Irọ́ kọ́. Àwọn ìlú kan ń jẹ ẹ́, Ògún náà kì í sì í kọ̀ ọ́. Òwe wa tilẹ̀ ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: ẹ rí i bí a ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ajá, tí ẹni tó yẹ kó wá a sì lọ sùn. Síbẹ̀, ajá tí ojú mọ̀ kì í tètè wọ ìkòkò; ajá àlejò ni ewu ń wu jù. Ẹ lọ wo inú ẹ́sítéètì ní Lẹ́kì, níbi tí ajá òyìnbó kì í ti í jáde ní géètì. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá já, orí WhatsApp ni wọ́n ń sá sí, pẹ̀lú àwòrán àti ẹ̀bẹ̀, torí kò sí alákàrà tó mọ̀ ọ́n. Ará London náà ti ronú bíi ti àbúrò rí. Nígbà tí Mary Tealby ṣí ilé fún ajá tó sọnù ní Holloway lọ́dún 1860, èyí tó di Battersea lónìí, ìwé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bí àbúrò ṣe ń fi ẹ̀gbọ́n ṣe é yìí.

Lórí owó ìmoore nìkan ni mo ti gbè sẹ́yìn àbúrò pátápátá. Ẹ̀gbọ́n á ní kí wọ́n kọ iye kan sábẹ́ àwòrán, òun á fi ránṣẹ́. Kó gbìyànjú ẹ̀ wò ní Mọ́níyà: kílẹ̀ tó ṣú, ajá mẹ́rin á ti dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan á jẹ́ abo, ẹni tó sì mú un wá á máa búra pé Bíńgó gan-an nìyí, ìrìn àjò ló pa á láwọ̀ dà.