Bí A Ṣe Ń Po Òrí, àti Bí A Ṣe Ń Bà Á Jẹ́

Inú kóró emi ni òrí ti ń jáde. Ọ̀dàn ni igi emi fẹ́, kì í ṣe igbó kìjikìji. Ìdí nìyí tí ará Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbòho fi mọ̀ ọ́n ju ará Ìjẹ̀bú lọ. Lásìkò òjò, èso rẹ̀ á pọ́n, á jábọ́, àwọn obìnrin á sì ṣà á ní kùtùkùtù. Wọn á bọ kóró rẹ̀ kó má baà hù, wọn á sá a, wọn á pa á, wọn á yan án, wọn á gún un, wọn á sì lọ̀ ọ́ kúnná.

Ohun tó ń ti orí ọlọ bọ̀ a máa dán bíi ṣokoléètì. Ojú ẹni tí kò rí i rí á wọ̀ ọ́. Òǹkọ̀wé yìí tọ́ ọ wò nílé ìyá àgbà kan tó ń po òrí. Ó korò, ó sì lẹ̀ mọ́ èrìgì; àwọn ọmọdé ilé náà rẹ́rìn-ín títí.

Pípò ló le jù. Ọ̀rá súnmọ́ ìdajì kóró gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó há sínú rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ àti ọwọ́ tí kò dúró ló ń tú u sílẹ̀, tí á fi so pọ̀. Bí omi bá gbóná jù, ọ̀rá á yọ́, kò sì ní so pọ̀ mọ́. Òǹkọ̀wé yìí rò pé ooru ló ń mú iṣẹ́ yá, ó da omi híhó sí i, ọpọ́n kan sì bàjẹ́ pátápátá.

Àwọ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ ń wò. Bí ó bá ti ń funfun, omi tútù ló kàn, ọ̀rá á sì léfòó bí ìfófòó. Wọ́n ní kí òǹkọ̀wé yìí da omi ìdọ̀tí nù. Ìfófòó ló bù, ó sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyá àgbà tó ni òrí wò ó: “Ọmọ mi, òrí lo dà nù yẹn. Àbí ọyẹ́ ló mú ògiri wa?”

Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì gbé kaná. Omi rẹ̀ á gbẹ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, wọn á sẹ́ òróró rẹ̀, á sì dì. Mungo Park, arìnrìn-àjò tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1799, kọ ọ́ pé òrí dùn ju bọ́tà màlúù tó dára jù tí òun jẹ rí lọ, àti pé ó ń lo odidi ọdún láìsí iyọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kì í ṣòfò: ní àríwá Ghana, ògiri amọ̀ ni wọ́n ń fi í rẹ́.