Ìjàpá àti Ọ̀pẹ Tó Ń Mu Dísẹ́ẹ̀lì

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo àti àwọn ẹranko abúlé kan lẹ́bàá Ìbòkun, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Látìgbà tí fóònù alágbèéká GSM ti dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ẹranko tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ l'Ékòó á kọ́kọ́ gun òkè, á na fóònù sójú ọ̀run bí ẹni ń tọrọ òjò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi jó nígbà tí Ìjàpá, tó ti kó lọ sí Iléṣà, sọ pé òun ti fi ilẹ̀ òun háyà fún àwọn olópòó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ti gba owó ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ò kan ẹnì kankan.

Òpó dúró, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun kí bàálù lè rí i. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Iná ìjọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n; tọ̀sán-tòru ni jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ọmọ Ọ̀yà kò sùn. Òwìwí, tó jẹ́ pé etí ló fi ń ṣọdẹ eku lóru, kò gbọ́ eku mọ́, ebi dé. Ìgbín gbé ilé rẹ̀ kọ́rí, ó ń sá, ọjọ́ mẹ́ta ló lò kó tó kúrò nínú ariwo.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ó fa ìwé yọ: “NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, sọ ní 2009 pé kí òpó fi mítà márùn-ún jìnnà sí ilé. Ẹ wọ̀n ọ́n.” Wọ́n wọ̀n ọ́n, márùn-ún ni. Àgbọ̀nrín tó mọ̀wé sọ pé NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, fi mẹ́wàá sínú òfin tirẹ̀ ní 2011. Ìjàpá rẹ́rìn-ín: “Ìjọba kan, ọ̀pá méjì. Èyí tó kúrú ni tèmi.” (Ẹ má rò pé èmi ni mo hun ọ̀pá méjì yìí o. Àwọn àjọ náà bá ara wọn fà á gidi.)

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n rò, ti Ọ̀kín nìkan ló wọ Ìjàpá létí: òpó náà ba ojú igbó jẹ́. Ìyẹn ò ná an lówó púpọ̀. Ní Cape Town, láti 1996 ni wọ́n ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ayédèrú wọ òpó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òpó ti di ọ̀pẹ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹranko fẹjọ́ sùn dé láti Òṣogbo lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọ́n wòkè, wọ́n wolẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé: “A kò rí òpó. Ọ̀pẹ la rí. Ọ̀pẹ kì í pariwo.” Ẹranko pe Ọ̀bọ wá láti igbó Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọ̀bọ gùn ún, ó gé imọ̀ jẹ, ó tutọ́: “Ike ni!” Wọ́n ní ẹ̀rí ọ̀bọ kò wọ ìwé.

Ni Ọ̀yà bá rántí àwọn òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà aláṣọ ayé àtijọ́ tí í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn ó fi gbowó. Gbogbo ẹranko kó akèrègbè, ó di Iléṣà, wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá lóru, wọ́n ń lu akèrègbè:

Ìjàpá, ẹmu ọ̀pẹ wa dà?
*Gbìrì-gbìrì, gbìrì!*
Ọ̀pẹ tí kò so ẹyìn rí,
*Gbìrì-gbìrì, gbìrì!*
Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu tòru-tọ̀sán,
*Gbìrì-gbìrì, gbìrì!*
Bá a bá gbẹ́mu, a ó máa lọ,
*Gbìrì-gbìrì, gbìrì!*

Ìjàpá wọnú karawun, ariwo bá a níbẹ̀. Ó fa fóònù yọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára púpọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó fi oṣù mẹ́fà dé abúlé kò lò tó wákàtí kan kí wọ́n tó dé ilé Ìjàpá.

Ọ̀gá wọn ní, “Bàbá, ẹ kúkú fún wọn lẹ́mu ọ̀pẹ yín, ká lè sùn.”

Ìjàpá figbe ta: “Ẹmu wo? Òpó ni! Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni!”

Akọ̀wé ti ṣí ìwé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ilé agbáriwomì bo jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé sólà àti bátìrì wá, ó wá ku wákàtí díẹ̀ tó ń ké lójúmọ́. Òwìwí ti ń gbọ́ eku. Ìjàpá náà ti kọ lẹ́tà sí àwọn olópòó: ilẹ̀ lòun fi háyà, òun kò fi oòrùn orí rẹ̀ kún un, kí wọ́n wá san owó oòrùn.